Ẹ Pa Fíláàṣì Yẹn Ná

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ní Akínmọ̀ọ́rìn)

   

Nítorí pé iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe, ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí fọ́tò yíyà. Mo rò pé ohun tí wọ́n ń retí ni kí n kọ́ yín bí a ṣe ń fi fóònù ya àwòrán tó dára. Ẹ má bínú, n ò ní sọ ìyẹn. Kámẹ́rà ògbólógbòó kan tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ wa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àbá kan wà nílẹ̀ tí a ó dìbò lé lórí lọ́la, pé kí a ta kámẹ́rà náà, kí a fi owó rẹ̀ kún owó àwọn oní-fọ́tò àti oní-fídíò tó máa ń wá ya àpéjọ wa. Èmi ń tako àbá yẹn. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi kí ẹ tó nawọ́ sókè.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù wá lọ mọ ẹni tó ni kámẹ́rà náà. Bàbá ayàwòrán ni, ọmọ ìlú yìí. Òun ló ń ya fọ́tò àwọn tó bá ń jáde ìwé mẹ́wàá, òun náà ló ń ya páásípọ́ọ̀tù ìdánwò. Ẹnì kan tó lọ kàwé ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ló bá a ra kámẹ́rà náà bọ̀. Nígbà tí bàbá jáde láyé, àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa, kó o wá fún ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú páálí nẹ́gátíìfù méjì. Láti ìgbà yẹn, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni.

Zorki 4 ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan ní Krasnogorsk, lẹ́bàá Mọsko, ló ṣe é. Láti ọdún 1956 títí di 1973 ni wọ́n fi ń ṣe irú rẹ̀, wọ́n sì ṣe é ju mílíọ̀nù kan lọ, nítorí náà kì í ṣe ohun ọ̀wọ́n. Ohun tó jẹ́ kí ti bàbá yìí yàtọ̀ ni lẹ́ńsì iwájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Zorki ló jẹ́ pé lẹ́ńsì Industar, f/3.5, ni wọ́n fi sí i. Ti bàbá jẹ́ Jupiter-3, 50mm, f/1.5. Ẹ fi nọ́ńbà tó kẹ́yìn yẹn sọ́kàn.

Nọ́ńbà tó ń tẹ̀lé f kò le láti yé èèyàn, ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò wa náà wà níbí. Ẹ fi nọ́ńbà náà pín 50, ẹ ó rí bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣe fẹ̀ tó. Pẹ̀lú f/3.5, ihò náà ò ju mìlímítà mẹ́rìnlá lọ. Pẹ̀lú f/1.5, ó tó mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Bí ẹ bá wá ṣírò ojú ihò méjèèjì, ẹ ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ tí f/1.5 ń gbà wọlé lé ní ìlọ́po márùn-ún ti ìkejì. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì àti garawa sí gbangba nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sí wọn, ṣùgbọ́n ẹnu garawa fẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá lo ìlọ́po márùn-ún yìí. Ẹ gbé lántánì ka tábìlì, kí ẹ jókòó tì í, kí iná rẹ̀ tàn sí ojú yín dáadáa. Bí a bá fi fíìmù ISO 400 sínú kámẹ́rà, tí a ṣí Jupiter-3 sílẹ̀ tán, ìdá kan nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn 1/30, ti tó láti ya ojú yín. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá balẹ̀ lè di kámẹ́rà mú fún ìyẹn láìsí pé ó gbọ̀n. Pẹ̀lú f/3.5, ó di nǹkan bí 1/6. Ní 1/6, bí ẹni tí ẹ ń yà bá mí lásán, ojú rẹ̀ ti ṣe bàìbàì. Ohun tí ń mú àwọn oní-fọ́tò wa gbé fíláàṣì nìyẹn. Lẹ́ńsì tí wọ́n ní kò ríran lálẹ́, wọ́n bá lọ gbé mànàmáná tirẹ̀ wá.

Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ àárín wa mọ bí kámẹ́rà náà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí pé ó yàtọ̀ sí èyí tí ẹ mọ̀. Réńjìfáíńdà ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Bí ẹ bá wo iwájú rẹ̀, ẹ ó rí fèrèsé kéékèèké lókè lẹ́ńsì, tí wọ́n jìnnà síra wọn díẹ̀. Bí ẹ bá wá gbé ojú sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí ẹni tí ẹ fẹ́ yà, ṣùgbọ́n láàárín gbùngbùn, ẹ ó máa rí i ní méjì, bíi pé ẹ ti mu ẹmu yó. Fèrèsé kan ń wò ó láti ọ̀tún, èkejì ń wò ó láti òsì. Ẹ ó máa yí òrùka lẹ́ńsì díẹ̀díẹ̀, àwòrán méjèèjì á máa sún mọ́ra. Ìgbà tí wọ́n bá wọnú ara wọn tí wọ́n di ọ̀kan, lẹ́ńsì ti mú un nìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́.

Ojú tiwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti mọ ohun tó wà nítòsí àti èyí tó jìnnà. Ẹ di ojú kan, kí ẹ gbìyànjú láti ki okùn bọ ojú abẹ́rẹ́, ẹ ó rí ohun tí mò ń wí.

Kámẹ́rà ńlá tí àwọn oní-fọ́tò òde ń gbé kọ́rùn fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń ní dígí nínú. Ẹ tẹ̀ ẹ́, dígí yẹn á fò sókè, ojú ẹni tó ń yàwòrán á ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú bíńtín, ara kámẹ́rà á sì gbọ̀n. Réńjìfáíńdà kò ní dígí tó ń fò. Zorki yìí kì í ṣe odi o, ó máa ń dún, ṣùgbọ́n kì í ta kìjí. Bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni ẹ ṣì ń rí ojú ẹni náà gangan. Àti pé, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé fèrèsé lẹ ń gbà wò, tí kì í ṣe inú lẹ́ńsì, òkùnkùn kì í dí yín lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ọgbọ́n lẹ́ńsì yìí ti ọwọ́ rẹ̀ wá ni Ludwig Bertele, ará Jámánì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, ó ṣe lẹ́ńsì kan tí ihò rẹ̀ fẹ̀ gan-an, Ernostar f/2, wọ́n sì fi sára kámẹ́rà kékeré kan tó ń jẹ́ Ermanox. Kámẹ́rà yẹn kì í ṣe réńjìfáíńdà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n fi ṣe. Ẹnì kan tó kẹ́kọ̀ọ́ òfin, tó ń jẹ́ Erich Salomon, rà á, ó sì ń gbé e wọ àwọn ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè tan fíláàṣì: ilé ẹjọ́, ìpàdé àwọn mínísítà, àsè àwọn ìjòyè. Láti ọdún 1928 ni àwọn ará Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí ojú àwọn olórí wọn ṣe rí bí ó bá rẹ̀ wọ́n, bí wọ́n bá ń tòògbé, bí wọ́n bá ń fẹnu kò sétí ara wọn. Kí Salomon tó dé, fọ́tò ìjòyè kò yàtọ̀ sí ère. Júù ni Salomon. Àwọn ọmọ ogun Hitler pa á ní Auschwitz ní 1944.

Bertele kò dúró síbẹ̀. Ní ọdún 1932, ilé iṣẹ́ Zeiss gbé kámẹ́rà Contax jáde, réńjìfáíńdà ni ìyẹn, lẹ́ńsì Sonnar tí Bertele yà sórí bébà ló sì wà níwájú rẹ̀, títí kan f/1.5. Ní ọdún kan náà ni Leica fi réńjìfáíńdà tó so mọ́ lẹ́ńsì sára kámẹ́rà tiwọn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ará Sófíẹ́ẹ̀tì kó ẹ̀rọ àti ìmọ̀ Zeiss lọ sílé, wọ́n sì ń ṣe Sonnar lábẹ́ orúkọ Jupiter. Ẹ rí i báyìí: ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa, ọmọ-ọmọ lẹ́ńsì tó ya ojú èèyàn bó ṣe rí lábẹ́ iná ilé ni.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Kí ló kàn wá nípa Jámánì?" Kò burú, ẹ jẹ́ kí a padà wálé.

Ní ọdún 1975, ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, wo iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ní Ìlá Ọ̀ràngún fínnífínní. Ní 1978, ó tẹ ohun tó rí jáde nínú ìwé ìròyìn African Arts. Ó ní fọ́tò àgbà ní ìlànà láàárín Yorùbá. Àgbà á jókòó, á kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan, ọwọ́ á wà lórí itan, agbádá á tẹ́ rẹrẹ, ojú ò ní rẹ́rìn-ín. Ẹ lọ wo fọ́tò àwọn baba-ńlá yín lára ògiri pálọ̀, bóyá irọ́ ni. Ó tún kọ ọ́ pé fọ́tò ti ń gba ipò ère ìbejì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọ́n á ya èyí tó kù, wọ́n á wá tẹ ẹ̀dà rẹ̀ méjì sórí bébà kan, kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo, wọ́n á múra fún èyí tó kù bí èyí tó lọ, wọ́n á sì tún un yà.

Mo máa ń ronú sí ìyẹn gan-an. Àwọn baba wa kò fi fọ́tò ṣe ohun tí a ń rí lónìí, tí a ń pa rẹ́ lọ́la. Fọ́tò ń dúró fún ẹni tí kò sí mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín wàyí, fọ́tò wo ló máa dúró fún àwọn olùkọ́ wa? Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, méjì nínú wọn fi ayé sílẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀ síra wọn. Wọ́n ní kí èmi àti akọ̀wé ẹgbẹ́ wá àwòrán tí a ó fi ṣe pósítà ìdágbére. A tú gbogbo fọ́tò àpéjọ wa, ó ju irinwó lọ. Fíláàṣì ni wọ́n fi ya gbogbo wọn. Iwájú orí àwọn bàbá ń dán bí àwo tánganran, ojú wọn pọ́n, léèsì funfun ti jó di funfun gbòò tí a ò rí iṣẹ́ ara rẹ̀ mọ́, ojú tó wà lórí léèsì sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn tó wà ní ìlà ẹ̀yìn dà bí òjìji. Ẹ má dá oní-fọ́tò lẹ́bi jù. Bí iná fíláàṣì ṣe rí ni: ẹni tó wà ní mítà méjì ń gba ìlọ́po mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní mítà mẹ́rin. Bí èèyàn bá fún ìlà iwájú ní tiwọn, ìlà ẹ̀yìn á pàdánù. Bí ó bá sì fún léèsì ní tirẹ̀, ojú ẹni dúdú á pàdánù.

Páásípọ́ọ̀tù kékeré tí a gé lára káàdì àtijọ́ la padà mú fẹ̀ fún ọ̀kan. Fún èkejì, a lo fọ́tò ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, tí a gé ẹni mẹ́ta mìíràn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èjìká ẹlòmíràn ṣì hàn níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wá síbi ìsìnkú náà rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, mo gbé Zorki náà jáde. Mo ti lo irú rẹ̀ díẹ̀ ní Pólì, nígbà tí olùkọ́ wa kan ṣì fẹ́ kí a mọ bí wọ́n ṣe ń fọ fíìmù. Mo gbé e lọ kí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wa ní Ìlọrà, ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́. Iná ò sí. Wọ́n tan lántánì elépo kan ṣoṣo sórí àga. Wọ́n wọ búbá ilé àti fìlà tó ti gbó, wọ́n sì ń sọ ìtàn bí ìlà kan nínú kíláàsì wa ṣe gbé ọmọ ewúrẹ́ pamọ́ sábẹ́ dẹ́sìkì. (Àwọn tó gbé e mọ ara wọn.) Mo ń yí òrùka lẹ́ńsì, mo ń wá ojú wọn, ojú méjì ń di ọ̀kan, ojú méjì tún ń pínyà, torí pé bàbá kì í jókòó jẹ́ẹ́ bí wọ́n bá ń pìtàn. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ìtàn parí, wọ́n ní, "Ó dáa, gbé kámẹ́rà rẹ wá kí o yà mí, jẹ́ kí n lọ wọ agbádá." Mo ní, "Sà, mo ti yà á tán." Wọ́n ní, "N ò rí i kó kọ mọ̀nà."

Mo jẹ́ kí wọ́n lọ wọ agbádá, mo sì tún yà wọ́n ní ìlànà tí Sprague kọ sílẹ̀, ọwọ́ lórí itan, ojú le koko. Méjèèjì ni mo tẹ̀ jáde tí mo gbé padà lọ fún wọn. Wọ́n gbé ti agbádá ka orí tẹlifíṣọ̀n. Èyí tí wọ́n ti ń pìtàn, wọ́n mú un lọ́wọ́ pẹ́, wọ́n gbé e súnmọ́ fèrèsé. Ìyàwó wọn ti lọ láti bí ọdún mẹ́fà. Wọ́n ní, "Bí màmá yín ṣe máa ń rí mi nìyí."

Bàbá náà jókòó sáàárín wa báyìí. N ò ní nawọ́ sí wọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ nínú ara wọn pé fóònù wọn náà ń ya fọ́tò lálẹ́ láìtan iná. Òótọ́ ni. Fóònù òde òní máa ń ya àwòrán púpọ̀ tẹ̀léra láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á wá pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Iṣẹ́ ọpọlọ ńlá ni, èmi náà ń lò ó níbi iṣẹ́. Àmọ́ ó máa ń sọ alẹ́ di ọ̀sán. Lójú tèmi, ó tún máa ń fọ ojú àgbàlagbà mọ́ jù, ìlà iwájú orí tí wọ́n fi ogójì ọdún kọ́ wa á wá dà bí èyí tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀. Mo fẹ́ kí òkùnkùn yàrá náà wà nínú fọ́tò, kí a mọ̀ pé lántánì ló ń tàn.

N ò ní tan yín jẹ o, lẹ́ńsì yìí ní àléébù tirẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i tán, tí ẹ sì dúró ní mítà kan sí èèyàn, ohun tó máa mọ́ kedere kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ààbọ̀ lọ. Ojú ni kí ẹ mú. Bí ẹ bá mú imú, ojú ti lọ nìyẹn. Kì í sì í sún mọ́ èèyàn ju mítà kan lọ, èyí tí mo rò pé ó bọ̀wọ̀ fún àgbà. Bí lántánì bá kọjú sí i tààrà, ìmọ́lẹ̀ á tú ká bí omi ọṣẹ, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ni kí iná wà. Ẹ gbọ́dọ̀ fa fíìmù síwájú kí ẹ tó yí nọ́ńbà ìyára rẹ̀, ẹni tó bá ṣe é ní òdìkejì lè ba ẹ̀rọ inú rẹ̀ jẹ́. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé fèrèsé lẹ ń gbà wò, ìdérí lẹ́ńsì lè wà níbẹ̀ kí ẹ máà mọ̀, kí ẹ ya odindi fíìmù kan lófo. Ẹ ṣí i kúrò, kí ẹ fi sápò.

Èyí tó burú jù ni ojú ọjọ́ wa. Lẹ́ńsì máa ń bu bíi búrẹ́dì. Ọ̀rinrin ìgbà òjò, àpò aláwọ tí afẹ́fẹ́ ò wọ̀, òkùnkùn inú kọ́bọ́ọ̀dù, ohun tí ìbu ń fẹ́ gan-an nìyẹn, ó sì lè jẹ dígí títí kò fi ní ṣeé nù mọ́. Ti wa ti bẹ̀rẹ̀ létí. Àwọn àpò kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, tí ẹ máa ń sọ nù, ẹ kó wọn wá fún wa. Wọ́n ń fa ọ̀rinrin. Kí a sì máa gbé e síta lóòrèkóòrè kí ìmọ́lẹ̀ lè máa dé ara rẹ̀.

Ní ti owó, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ra irú nǹkan báyìí. Iye tí wọ́n dá lé kámẹ́rà àti lẹ́ńsì pọ̀ kò tó owó oúnjẹ ọjọ́ kan ní àpéjọ wa. Fíìmù ló wọ́n báyìí, mo gbà, ẹni tó bá ń bọ̀ láti ìlú òyìnbó ló ń bá mi ra tèmi. Ṣùgbọ́n bí fíìmù bá tilẹ̀ tán láyé, òrùka kékeré kan wà tí èèyàn lè fi so lẹ́ńsì yìí mọ́ kámẹ́rà ìgbàlódé tí kò ní dígí nínú, kó sì máa ṣiṣẹ́ lọ.

Èmi ò tiẹ̀ tíì dé ibi páálí nẹ́gátíìfù méjì yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí nẹ́gátíìfù lè dà, kó rántí J. D. 'Okhai Ojeikere. Ìpínlẹ̀ Edo ni wọ́n ti bí i ní 1930, ṣùgbọ́n Ìbàdàn níbí ló ti jókòó ti iṣẹ́. Ní 1954 ó di olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá ìfọ-fíìmù ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìròyìn, lẹ́yìn náà ló bá tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn ṣiṣẹ́ kó tó lọ sí Èkó ní 1963. Láti 1968 ló ti ń ya irun dídì obìnrin, ó tó ẹgbẹ̀rún kan. Lóde, ní ìbi iṣẹ́, níbi ayẹyẹ, ó ń yà á, ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó lé kí àwọn ará Paris tó wá gbé e sára ògiri ní 2000, ó sì dé Venice ní 2013, ọdún kan kó tó kú. Bí kò bá tọ́jú nẹ́gátíìfù rẹ̀ ńkọ́?

Mo ṣí páálí àkọ́kọ́ ti bàbá wa. Fọ́tò ìjáde àwọn síníọ̀ wa wà níbẹ̀, ọdún lórí ọdún, pẹ̀lú àwọn olùkọ́ tó wà lórí ìjókòó níwájú mi báyìí, tí wọ́n ṣì ń wọ ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàgà. Mo ṣí èkejì, òórùn kíkan kọlù mí nímú. Ohun tí ooru àti ọ̀rinrin máa ń ṣe fún fíìmù àtijọ́ nìyẹn, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn báyẹn, kì í dúró mọ́, á máa ká, á máa sán. A lè fi ẹ̀rọ gbà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà kó tó bàjẹ́ tán. Mo ti sọ fún akápò pé n ò ní gba owó iṣẹ́, kí ẹgbẹ́ ṣáà ra ẹ̀rọ náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dìbò fún lọ́la nìyí: kí kámẹ́rà dúró, kí a ra ẹ̀rọ náà, kí a sì fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ méjì tàbí mẹ́ta láyè láti kọ́ ọ. Bí ìbò bá lọ sí òdìkejì, èmi ni n ó di kámẹ́rà náà sínú páálí fún ẹni tó bá rà á, n ò ní bínú.

Ṣùgbọ́n alẹ́ òní ṣì jẹ́ tiwa. Alága ti fún mi ní kíláàsì ìparí ní ìhà mọ́ńgòrò. Lántánì méjì ló wà níbẹ̀, mo ti rẹ òwú wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ máa wọlé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ mú ẹni tí ẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ dání, torí pé bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ yà yín. Ẹni tó bá ní léèsì funfun lọ́rùn, mo ní aṣọ òfì kan níbẹ̀ tí a lè fi bo èjìká. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ bá fẹ́ wòran, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ sì pa iná fóònù yín.

Fíìmù kan ṣoṣo ni mo ní, fọ́tò mẹ́rìndínlógójì ló wà nínú rẹ̀. Olùkọ́ mọ́kànlá ló wá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ní mẹ́ta mẹ́ta, ìyẹn mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ti Màmá tó ń se ẹ̀wà fún wa jẹ́ ọ̀kan, ti bàbá tó ń ṣọ́ géètì jẹ́ ọ̀kan. Ẹyọ kan tó kù, mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ wa bá mi yan ẹni tó máa jókòó fún un.